Aṣọ Ìnura Tí Kì Í Mu Omi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Ìwé mi, má wo bí mo ṣe ń kọ ọ́ wúruwùru. Inú mi ló ń dùn! Obìnrin kan tó ń ra nǹkan fún òtẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ń bọ̀ wá wo ilé iṣẹ́ wa lọ́jọ́bọ̀. Òkèèrè ló ti ń ra aṣọ ìnura tẹ́lẹ̀. Ó ní òun fẹ́ máa ra ti ilé báyìí, bó bá dáa. Ọ̀gá wa ló sọ ọ́ — Baba Oníkọ́, torí kì í sọ ọ̀rọ̀ gidi kan láìkọ́kọ́ húkọ́. Lónìí ó hú u lẹ́ẹ̀mẹta, a ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ń bọ̀.

Bí obìnrin yẹn bá rà, wọ́n á ṣí yàrá ẹ̀rọ kejì padà. Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti ń hunṣọ, kí ti òkèèrè tó kún ọjà tí wọ́n fi ní kó lọ jókòó sílé. Oṣù keje rèé tó wà lọ́dọ̀ wa, tó ń fọ abọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní kó fọ̀. Mo sáré lọ sọ fún un. Ó kàn wá bàtà iṣẹ́ rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Èmi ni wọ́n ní kí n tún yàrá ìfọwọ́ àwọn àlejò ṣe. Á dán! Mo ti mọ ohun tí màá gbé kọ́ síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo ti ba nǹkan jẹ́.

Aṣọ ìnura búlúù Adájọ́ ni mo gbé lọ. (Adájọ́ ni ìyá ọkọ mi, inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí wọn kì í dá lẹ́jọ́ nínú ilé yìí.) Àbúrò ọkọ mi ló fi ránṣẹ́ sí wọn láti òkè òkun. Ó nípọn, ó rọ̀. Mo tọrọ rẹ̀, wọ́n fún mi tòun ti ìkìlọ̀. Ilé iṣẹ́ aṣọ ìnura ni tiwa, síbẹ̀ kò sí aṣọ ìnura kan níbẹ̀ tí èèyàn lè fi nuwọ́. Títà ni tiwa. Èyí tó bá lábùkù, a máa ń gé e fi nu ẹ̀rọ. Nílé, ti òkèèrè ni gbogbo wa ń lò. A ò tiẹ̀ rí i bí ohun ìtìjú rí.

Obìnrin náà dé. Ojú ẹsẹ̀ ni mo sọ ọ́ ní Màdáámù Afọwọ́wò. Ó fọwọ́ pa òwú, ó fọwọ́ pa etí aṣọ tí mo rán, ó ní rírán rẹ̀ dáa. Orí mi wú! Ó wọlé lọ fọwọ́. Ó jáde tòun ti aṣọ Adájọ́ lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní irú èyí gan-an lòun ń wá. Baba Oníkọ́ náà ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà wá yí etí aṣọ náà wò, ó ka àmì ilé iṣẹ́ òkèèrè tí wọ́n rán mọ́ ọn.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe é, ẹ ò lò ó," ó ní. "Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fẹ́ kí èmi lò ó?"

Ó wọ mọ́tò, ó lọ. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọ inú rẹ̀. Mi ò tíì lè wo ojú àbúrò mi.

Ẹtì, ọjọ́ keje

Wọn ò lé mi! Baba Oníkọ́ húkọ́, ó ní ẹjọ́ èmi nìkan kọ́, aṣọ tóun náà fi nujú láàárọ̀, òkèèrè ló ti wá. Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín, la bá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ó ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, kí kálukú mú méjì lọ sílé, ká máa lò ó. Pupa ni mo mú. Inú mi sì tún ti ń dùn — irú èèyàn wo ni mo tiẹ̀ jẹ́?

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Adájọ́ jáde ní balùwẹ̀, omi ń kán lápá wọn, wọ́n wá dúró níwájú mi.

"Ìyàwó, aṣọ yín yìí ò mu omi o. Ṣe ló ń mú omi kiri ara mi bí ẹni mú àlejò kiri ilé."

Mo ní kí wọ́n má bínú, èmi fúnra mi wá bínú wọ yàrá. Ohun tó dùn mí ni pé èmi náà ti lò ó láàárọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ jáde ni.

Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo bi àwọn ará ibi iṣẹ́. Bákan náà ni lọ́dọ̀ gbogbo wọn! Láti ọjọ́ tí mo ti ń rán etí aṣọ yìí, mi ò mọ̀. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àwọn oníbàárà ti mọ̀ tipẹ́ — wọ́n á nura lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á padà sí ti òkèèrè. Wọn ò tiẹ̀ bá wa jà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ó MU OMI!

Àbúrò mi ló fọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta, nínú omi gbígbóná. Ó da omi sórí tábìlì, ó tẹ́ aṣọ lé e, ó gbé e kúrò — tábìlì ti gbẹ. A pariwo débi pé ọkọ mi sáré jáde ní balùwẹ̀ tòun ti ọṣẹ lórí. Sítáàṣì ni, àbúrò mi ní. A máa ń fi í pa òwú kó má baà já lẹ́nu ẹ̀rọ, a kì í sì fọ̀ ọ́ kúrò ká tó di aṣọ fún títà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo sọ fún Baba Oníkọ́. Ó gbàgbé láti húkọ́.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

A ti fọ aṣọ títí ìka wa fi hunjọ. Baba Oníkọ́ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bẹ Màdáámù Afọwọ́wò. Lónìí ló dé. Kò kí wa pẹ́, yàrá ìfọwọ́ ló kọjá sí. Aṣọ pupa tèmi ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú méjèèjì, tó ti ṣá díẹ̀. A dúró síta bí ẹni ń retí kí aboyún bí. Ó jáde, ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Ó bi wá ta ló ni aṣọ náà.

"Tèmi ni, mà. Òun la fi ń nura nílé."

Ó ní ṣé kò ní àléébù kankan. Baba Oníkọ́ wojú mi. Mo sọ gbogbo ẹ̀: kì í mu omi tẹ́lẹ̀, ìyá ọkọ mi ló là wá lójú, a ti ń fọ̀ ọ́ báyìí ká tó dì í. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á rà fún òtẹ́ẹ̀lì méjì ná.

Méjì! Ìwé mi, ó rà! Àmọ́ méjì kọ́ ni mẹ́rin. Àbúrò mi bi mí bóyá méjì tó láti ṣí yàrá kejì. Mo ní kó ní sùúrù.

Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Kò tó. Yàrá kejì ṣì máa wà ní títì.

Àmọ́ dúró — wọ́n fẹ́ ṣí yàrá ìfọṣọ! Gbogbo aṣọ gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá kó tó kúrò nílé iṣẹ́. Baba Oníkọ́ húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ta lẹni tó kọ́kọ́ fọ sítáàṣì yẹn kúrò? Mo dárúkọ àbúrò mi kó tó bi mí tán.

Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Àbúrò mi wọ bàtà iṣẹ́ rẹ̀ lónìí. A jọ lọ, a jọ bọ̀, òjò pa wá, ó ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu géètì dé ẹnu ọ̀nà, kò mí. Adájọ́ ló ṣílẹ̀kùn. Aṣọ pupa wa kejì wà léjìká wọn. Wọ́n ní ká nusẹ̀ ká tó wọlé.

A wolẹ̀. Aṣọ búlúù òkè òkun ni wọ́n tẹ́ sẹ́nu ọ̀nà.

Àbúrò mi gbẹ́sẹ̀ sókè, kò lè tẹ̀ ẹ́.

"Tẹ̀ ẹ́," Adájọ́ ní. "Òun náà kúkú ń mu omi."