Bí Bàbá Rẹ Ṣe Wo Àwọn Afọnfèrè Rẹ

Ọ̀gá àwọn afọnfèrè, ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́,

Ṣé ara le? Ṣé ọ̀fun ò dùn ọ́ níbi tí o ti ń pariwo lé ọmọ ọlọ́mọ lórí? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí apá rẹ rọ, torí mo ti rí ohun tí ò ń fi ṣe. Àwa náà wà. Òjò ti ṣí páànù ilé ìdáná, àbúrò bàbá rẹ sì ti ń bọ̀ wá tún un ṣe láti ọdún tó kọjá, kò kàn tíì dé ni.

Fídíò tí o ní ìdánrawò ẹgbẹ́ olórin jáàsì iléèwé yín ni ti dé. Mo wẹ̀, mo pààrọ̀ aṣọ kí télọ̀ ìtòsí wa tó tẹ fídíò náà fún wa lórí fóònù rẹ̀ ní ìsọ̀ rẹ̀, kí àwọn ọmọ náà má baà rí mi nínú aṣọ oko. Mo kí wọn, kò sẹ́ni tó dáhùn. O kú ẹ̀kọ́ ilé tí ò ń kọ́ wọn.

Ìwọ náà lo dúró níwájú, tí ò ń ju apá bí ẹni tí oyin ń lé. Gbogbo ọmọ ló ní nǹkan lọ́wọ́, ìwọ ọ̀gá nìkan lo ò ní. Ṣé owó oṣù rẹ ò ká fèrè kékeré kan ni? Télọ̀ ní nínú jáàsì, tó bá ti kan ẹnì kan, ohun tó bá wá sí i lọ́kàn ni yóò fọn. Mo ní ìpàdé ẹbí wa náà nìyẹn, a ò kàn mọ̀ pé wọ́n ń gbowó oṣù lórí ẹ̀.

Bàbá rẹ, tí wọn ò bá ọ sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí o ti fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀, kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n ní àwọn ń sùn. Oorun kí ló ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ìgbà tó wá kan ọmọbìnrin tó wọ gíláàsì ojú yẹn, ó fọn ún díẹ̀, ó ṣìnà, ó dákẹ́, omi lé sí i lójú. Mo ní ó parí, olùkọ́ á jágbe mọ́ ọn. O ò jágbe. O ní kí onílù máa lu tiẹ̀ lọ wẹ́rẹ́, o sún mọ́ ọmọ náà, o ní, "Má wá a. Dúró dè é, ó ń bọ̀." Ó dúró, ó tún gbé fèrè sẹ́nu. Ohun tó jáde, mi ò mọ orúkọ ẹ̀, àmọ́ télọ̀ gbàgbé pé áyọ́ọ̀nù òun wà lórí ṣòkòtò oníbàárà. Ṣòkòtò náà ti di aṣọ ìnulẹ̀.

Bàbá rẹ yíjú padà. Wọ́n ní kó tún un tẹ̀ láti ibi tí ọmọ náà ti ṣìnà. Wọ́n wò ó tán, wọ́n ní, "Ká ní èmi ni, mi ò bá ti ní kó jókòó." Wọ́n bọ́ síta.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Má fi sí báńkì mọ́ o. Ẹ̀rọ inú ògiri wọn ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí mi lójú èrò, mo ní kí òun náà kọ́kọ́ sọ tiẹ̀, ó bá gbé káàdì mi mì. Fún awakọ̀ tó bá ń bọ̀ lọ́nà ibí kó mú un wá, owó páànù àti owó ọkọ̀ tí a ó fi wá sí ọjọ́ àṣehàn yín.

Ibi tí o bá na ọwọ́ sí, ire ni yóò máa jáde níbẹ̀. Àwọn tí ò ń tọ́ ò ní dójú tì ọ́.

Èmi ìyá rẹ ni.

Owó ọkọ̀ ẹni méjì ni o. Bàbá rẹ ní àwọn ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ, àga iwájú nìkan làwọn fẹ́, torí etí àwọn.