Wọ́n Máa Béèrè Iṣẹ́ Ọkọ Ìyàwó

Olóòtú wa, ẹ kú làálàá ètò o. Àgbàlagbà ni mí, Ọ̀yọ́ ni mo ń gbé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká pè é ní Israfil, fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ó ní iṣẹ́ náà ti sú òun, pé òun kàn ń jókòó ti àwọn fáìlì tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí ni. Owó kírípítò, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ti ń tọ́jú sórí fóònù, ló ń ná jẹun báyìí. Tí mo bá béèrè bí owó náà ṣe ń ṣe, á ní, "Ó wálẹ̀ díẹ̀ ni, Bàbá, ó máa gòkè." Ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi nìkan ni mo rí tó ń gòkè.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ la máa lọ tọrọ ìyàwó fún un ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n máa béèrè iṣẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo ẹbí, èmi ni mo sì máa dáhùn.

Ìyá rẹ̀ ní, "Bàbá Israfil, ẹ ṣáà ní iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Tẹ́ ẹ bá ti dárúkọ fóònù, yàhúù ni wọ́n máa gbọ́."

Israfil ní, "Mi ò jalè, ìyàwó mi sì mọ̀. Tẹ́ ẹ bá parọ́, èmi fúnra mi máa sọ òótọ́ níbẹ̀."

Ẹ̀rù tó ń bà mí jù ni pé bàbá ìyàwó lè wò mí lójú, kó ní, "Tó bá jẹ́ ọmọbìnrin yín ló fẹ́ fẹ́, ṣé ẹ máa fún un?"

Olóòtú, mi ò ní fún un.

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n wí?