Ṣálẹ́ńjì Là Ń Pè É

Motúnráyọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Ara ńkọ́? Ọkọ ńkọ́, òtútù Jámánì ńkọ́? Mo gbàdúrà kí ìwé yìí bá ọ nínú ìlera. Àwa náà wà ní Ìbàdàn, a dúpẹ́. Mo gbọ́ iṣẹ́ tí o rán sí mi pé kí n dárí ji Ọ̀mọ̀wé Ògúnlẹ́yẹ, olùkọ́ wa. N kò ní ṣe é.

Ìwọ náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn àlejò Jámánì wá sí yunifásítì wa láti yan akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Mo ń ṣàlàyé ẹ̀rọ tí ń mú máńgòrò gbẹ, ni mo bá pe challenge ní "ṣálẹ́ńjì", bí ìyá mi ṣe ń pè é, bí gbogbo awakọ̀ Ìbàdàn ṣe ń pe àdúgbò Challenge. Àwọn àlejò kò rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa ló bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tí kò lè pe Challenge, Challenge náà ni kó jókòó sí." Ó pa orúkọ mi rẹ́, ó fi tìrẹ sí i. N kò bínú sí ọ, o mọ̀.

Má bi mí ní ìdí tí n kò fi pè é ní "wọ́n". Ọ̀wọ̀ rẹ̀ ti tán lẹ́nu mi. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Nígbà tí ẹ ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ lóhùn-ún, èmi ń gbé ìwé ẹ̀rí kiri láti Dùgbẹ̀ dé Òkè-Àdó. Wọ́n ń bi mí pé kí ni mo lè fi ọwọ́ mi ṣe, ìwé ẹ̀rí yẹn nìkan ni mo ní láti nà sí wọn.

Ṣálẹ́ńjì náà ló gbà mí nígbẹ̀yìn. Ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀ tí ń ṣe irú ẹ̀rọ máńgòrò yẹn kọ́ mi níṣẹ́, lónìí èmi ni mò ń darí wọn.

Gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Yunifásítì wa ti bá àwọn ará Jámánì ṣe àdéhùn tuntun, kí àwọn ọmọ tó ń jáde lè wúlò níbi iṣẹ́. Olùkọ́ tó bá fẹ́ lọ sọ́hùn-ún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo oṣù mẹ́ta ní ilé-iṣẹ́ kan níhìn-ín, kí ọ̀gá ibẹ̀ sì jẹ́rìí pé ó mọ iṣẹ́. Ta lo rò pé wọ́n rán sí mi? Mo jó nínú ọ́fíìsì! N kò ní jẹ́rìí èké o. Yóò tú ẹ̀rọ, yóò tò ó padà lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Bó bá ṣì í tò, n ó rẹ́rìn-ín kí gbogbo wọn gbọ́.

Kí Olúwa máa ṣọ́ ọ lóhùn-ún, kí ó má jẹ́ kí ọmọ tí o máa bí bọ́ sọ́wọ́ olùkọ́ bíi tiwa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan,
Tiwaladé.

Àfikún: Mo fẹ́ máa lẹ ìwé yìí ni fóònù dún. Òun ni. Ó ní òun ti dé Dùgbẹ̀, ibo gan-an la wà ní Challenge? Mo ní, "Ẹ má bínú sà, mi ò mọ ibi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ n'Ìbàdàn." Mò ń gbọ́ báwọn awakọ̀ ṣe ń pe èrò lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá rọra ní, "Ṣálẹ́ńjì, mà."