Ẹsẹ̀ Mi Ló Tú Àṣírí Mi fún Ìyá Ìyàwó Mi

Mo ń bá obìnrin kan jó ní Savalou, ìyá ìyàwó mi sì ti mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ báyẹn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀rọ̀ po, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ọ́ sórí fóònù tí mo sì ń pa á rẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á dópin... tẹ́ ẹ bá fẹ́ bú mi lẹ́yìn náà, mi ò ní bínú.

Ọkùnrin ni mí, mo ti lé ní ogójì ọdún, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe ní Bantè, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun. Ìyàwó mi ti kú. Àìsàn ṣe é díẹ̀, a rò pé àìsàn náà yóò lọ, òun fúnra rẹ̀ ló lọ. Màá pè é ní Félicité, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. A ò bímọ. Òun nìkan ló sì kù fún ìyá rẹ̀ nínú gbogbo ọmọ tó bí. Nígbà tá a sin ín tán ní Lougba, níbi tí ìyá rẹ̀ ń gbé, gbogbo èèyàn ń retí pé kí n kí màmá pé ó dìgbóṣe kí n máa lọ sílé mi, ṣùgbọ́n mi ò lè fi í sílẹ̀ lóun nìkan nínú ilé yẹn... mo ní kó jẹ́ ká jọ lọ sí Bantè. Ó di ẹrù rẹ̀, ó tẹ̀ lé mi. Láti ìgbà yẹn ni èmi àti àna mi ti jọ ń gbé. Àwọn èèyàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tù mí lára. Bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń se ọbẹ̀ lòun náà ń sè é. Títí dòní, "ọkọ Félicité" ló ń pè mí.

Ẹ mọ ìdíje ijó tí wọ́n ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n, èyí tí wọ́n ń kó àwọn olókìkí jọ sí, olórin, agbábọ́ọ̀lù, òṣèré, tí wọ́n á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní oníjó tó máa kọ́ ọ, tí àwọn adájọ́ á wá fún wọn ní máàkì. Wọ́n máa ń tún un fi hàn lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè. Tá a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tá a jẹun tán, màmá á gbé àga rẹ̀ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Kò gbọ́ Faransé, èmi ni mo ń túmọ̀ ohun tí àwọn adájọ́ ń sọ sí Ìṣà, èdè wa, fún un, kì í sì í gbà fún wọn. Tí wọ́n bá yin ẹnì kan, á ní irọ́ ni wọ́n ń pa, ẹsẹ̀ nìkan lẹni yẹn fi ń jó, ara rẹ̀ ò tíì gbọ́. Agbábọ́ọ̀lù kan wà níbẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ó ga, ara rẹ̀ gan bí ọmọ odó. Ọjọ́ tí màmá kọ́kọ́ rí i, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ Félicité, wo ara rẹ, bó o ṣe rí nìyẹn nígbà tó o wá sí Lougba."

Òótọ́ ló sọ. Ọmọ ìlú Pira ni mí, olùkọ́ ìjọ Àgùdà ni bàbá mi. Ijó tá a mọ̀ nílé wa ò ju ká máa mi èjìká díẹ̀díẹ̀ tá a bá ń gbé ọrẹ lọ síwájú pẹpẹ. Nígbà tí ìgbéyàwó wa ń sún mọ́lé, Félicité ní tọkọtaya ló ń ṣí agbo ijó, mo ní kó lọ ṣí i, èmi á jókòó. Kò bá mi jà, ìyá rẹ̀ ló lọ sọ fún. Ni màmá bá ní kí n máa wá sí Lougba ní Sátidé... lẹ́yìnkùlé wọn, níbi tí wọ́n ti ń sá èso kájú, wọ́n gbá ibẹ̀ mọ́, màmá jókòó sórí ìtì igi ó ń pàtẹ́wọ́, Félicité di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ojú tì mí bí ẹni pé ìhòòhò ni mo wà. Àna ẹni kẹ̀, ẹni tó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ fún, òun ló wá ń wo ìdí mi bó ṣe ń mì. Mò ń wo ilẹ̀ ṣáá, màmá ní kí lo sọ nù síbẹ̀, gbójú sókè kó o wo ìyàwó rẹ. Ọ̀tún, ọ̀tún, padà, rọ èjìká... bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí ọjọ́ kan tí mi ò mọ ìgbà tí màmá dáwọ́ àtẹ́wọ́ dúró, àwa méjèèjì ṣì ń jó. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn gan-an la ṣègbéyàwó, èyí tá a ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, tàwọn èèyàn ni.

Lẹ́yìn tó kú, mi ò jó mọ́.

Àfìgbà tí wọ́n rán mi lọ sí Savalou fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tí ẹnì kan tá a jọ wà níbẹ̀ pè wá síbi ìsàmì ọmọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé obìnrin yìí. Aṣọ ló ń tà, ọmọ ẹ̀yà Mahi ni ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ wá ṣòwò láti Ṣakí, kò padà síbẹ̀ mọ́. Ọkọ tirẹ̀ náà ti kú. Ó fà mí dìde, mo jó bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Nígbà tá a jókòó, ó wò mí dáadáa, ó ní, "Ẹ mọ̀ ọ́n jó, ṣùgbọ́n ẹ ń fi àyè sílẹ̀ níwájú yín, àfi bíi pé ẹ ń dúró de ẹnì kan." Mo dìde, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún bí ọmọdé. Ṣé kò yẹ kí n ti mọ̀ nígbà yẹn pé kí n má padà débẹ̀?

Mo padà. Mo ń sọ fún màmá pé iṣẹ́ ni, mo ń wọ ọkọ̀ lọ sí Savalou. Obìnrin náà ń kọ́ mi bí àwọn èèyàn ìyá rẹ̀ ṣe ń jó, pé kí n ká apá sẹ́yìn bí ìyẹ́ ẹyẹ, kí n wá fi gìgísẹ̀ yí. Kò tíì sí nǹkan míì láàárín wa ju ijó àti ọ̀rọ̀ sísọ lọ, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi í ṣaya.

Wàyí o, lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, obìnrin olórin kan ń jó nínú ìdíje yẹn, orin náà dùn, mo dìde pé kí n lọ bu omi... mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe é. Láàárín àga àti kọ́bọ́ọ̀dù, mo ká apá, mo fi gìgísẹ̀ yí. Nígbà tí mo yíjú padà, màmá ò wo tẹlifíṣọ̀n mọ́. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò.

"Ta ló kọ́ ọ nìyẹn?"

Mo ní mo rí i lórí tẹlifíṣọ̀n ni.

"Wọn ò jó o níbẹ̀ rí. Kì í ṣe èyí tí mo kọ́ ẹ̀yin méjèèjì."

Ó yíjú sí tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí ni adájọ́ yẹn ń sọ. Mo lọ bu omi tí mo dìde fún.

Kò bá mi jà. Ká ní ó bá mi jà ni, ì bá sàn. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ó ní òun fẹ́ lọ wo iṣu òun ní Lougba, ó pe ọlọ́kadà, ó sì di ìkòkò rẹ̀ mọ́ ẹrù. Ta ló ń gbé ìkòkò lọ wo iṣu? Ilé yẹn ń jò, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Mo sọ fún obìnrin Savalou, inú rẹ̀ bà jẹ́. Ó ní òun lè bá màmá gbé inú ilé kan náà, òun ò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n òun ò ní jẹ́ ẹni tí wọ́n ń fi pa mọ́, kí n má wá mọ́ títí màá fi sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹni tó yẹ kí n sọ ọ́ fún. Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Mo jókòó, mo dìde. Ní ọ́fíìsì, mo kọ orúkọ bàbá ọmọ síbi tó yẹ kí n kọ tọmọ sí.

Lánàá, ọlọ́kadà tó gbé màmá yà sí ọ́fíìsì mi. Ó ní màmá kí mi, pé kí n yé jẹun níta. Ó ní màmá ní tí mo bá ń bọ̀, kí n má wá dọ̀bálẹ̀ bẹ òun bí ẹni tó pààyàn, òun ò ní kí n wà láìníyàwó títí ayé, kí n kàn wá fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

Sátidé yìí ni mo fẹ́ lọ. Ṣé kí n lọ nìkan? Tí mo bá lọ nìkan, mo mọ ara mi, iṣu la máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ tílẹ̀ á fi ṣú. Ṣé kí n mú obìnrin náà dání? Ṣé ìyẹn ò ní jẹ́ ìwọ̀sí sí òkú àti alààyè? Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ti sin ọmọ rí, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bi... tí ọkọ ọmọ yín bá dúró lẹ́nu ọ̀nà yín, tóun àti obìnrin mìíràn jọ dúró, kí lẹ fẹ́ kó kọ́kọ́ sọ?