Èéfín Lábẹ́ Ọkọ̀ Kẹta

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta
Iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kẹta tún tàn. Òórùn epo gba gbogbo inú rẹ̀. Ìyá àgbà kan, ọ̀kan nínú àwọn alárùn kíndìnrín tí à ń gbé lọ sílé-ìwòsàn, bì sórí àga ẹ̀yìn. Ilé-ìwòsàn pè kí ago mẹ́wàá tó lù: tí n kò bá mú ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀ náà dé kí ọ̀sán Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó pé, wọn á kó gbogbo aláìsàn wa fún ẹlòmíràn.

Àbúrò mi ló ń wà á. Jẹ́jẹ́ là ń pè é, bó ṣe ń wakọ̀ bí ẹni tó ru ẹyin. Mo ní kì í dé ìdérí táǹkì epo dáadáa ni; ó ní òun ń dé e. Mo ní irọ́ ni. Mo gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó máa lọ sílé, níwájú àwọn awakọ̀ yòókù. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀rọ̀ parí.
“Ó dáa, Àǹtí.” Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn.

Ìṣẹ́gun, 4
Ìdérí tuntun. Òórùn ṣì wà.

Ọjọ́rú, 5
Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tí à ń pè ní Dókítà Èéfín. Mo ní kó yá, mo ní ìpàdé. Ó ní, “Màdáámù, ọkọ̀ yìí ò mọ̀ pé ẹ ní ìpàdé.”

Ó ṣàlàyé: ooru epo inú táǹkì kò gbọ́dọ̀ jáde. Agolo kan tó kún fún èédú ló ń fà á mu, ẹ́ńjìnnì á wá gbà á jó. Ó fẹ́ èéfín funfun sínú ọ̀nà yẹn, ó ní ká wo ibi tó máa gbà yọ. Orí táǹkì ló ti yọ — rọ́bà kan ti là. Ó tú agolo èédú, epo ń kán tó-tó-tó nínú rẹ̀.

“Ta ló ń ra epo sí i?”
Mo ní kí ló dé. Ó ní tí ẹ̀rọ ilé epo bá ti dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, kéèyàn fi sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ń rọ ọ́ títí dé ọrùn, inú èédú lepo ń lọ. “Ẹni yẹn ló ba agolo àti rọ́bà yìí jẹ́. Kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan.”

Èmi ni. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo ń fọwọ́ ara mi rọ epo kún ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé ẹnu, kí awakọ̀ kankan má baà fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ tò nílé epo.
N kò sọ fún un. Mo ní kó pààrọ̀ gbogbo rẹ̀.

Ẹtì, 7
Ó tún èéfín fẹ́. Kò yọ níbì kankan. Ó ní ká fi iná ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, á kú fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Mo ní n kò ráyè, kó pa á rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀.
“Ẹ̀yin lẹ lọkọ̀.”

Ọjọ́ Ajé, 10
Ilé àyẹ̀wò kọ̀ ọ́. Nígbà tí a pa iná yẹn rẹ́, gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà mọ̀ ló bá a lọ. Ó ní láti yẹ ara rẹ̀ wò látìbẹ̀rẹ̀. Mo ní wákàtí mélòó. Ọkùnrin tó ń yẹ ọkọ̀ wò rẹ́rìn-ín.
Dókítà Èéfín lórí fóònù: ìdajì táǹkì. Kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án láti ìrọ̀lẹ́ dàárọ̀. Kí n wá wà á ní ìwọ̀n kan náà bíi wákàtí kan — kò sí títẹ iná lójijì, kò sí búréèkì gbì.

Ìṣẹ́gun, 11
Mo wà á kí kọ̀ǹpútà lè parí àyẹ̀wò ara rẹ̀. Kò gbà.

Ọjọ́rú, 12
Mo tún wà á. Oníkẹ̀kẹ́ kan dá mi dúró, mo fọn fèrè, mo tẹná, mo bú u. Kò gbà. Dókítà Èéfín: “Màdáámù, ọkọ̀ ò lárùn mọ́. Ẹ wá ẹni tó ní sùúrù.”

Ọ̀sán, mo lọ sílé Màmá. Jẹ́jẹ́ ń lọ aṣọ ní fàráńdà. Mo ní kó wá bá mi wà á. Kò gbójú sókè.
“Kí ni mẹkáníìkì ní ó ṣe é?”
Mo ní rọ́bà ló là.
“Kí ló là á?”
Màmá dáwọ́ ohun tó ń ṣe dúró. Mo sọ ọ́. Èmi ni, látọjọ́ tí a ti ra ọkọ̀. Jẹ́jẹ́ yí aṣọ náà padà, ó lọ ẹ̀yìn rẹ̀.
“Ago mélòó lọ́la?”

Ọjọ́bọ̀, 13
Jẹ́jẹ́ wà á fún ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́ta. Mo jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì, kí n má baà nawọ́ sí nǹkan kan. Kẹ̀kẹ́ ń kọjá lára wa. A dúró, Dókítà Èéfín ki ẹ̀rọ rẹ̀ bọ̀ ọ́. Kọ̀ǹpútà ti parí àyẹ̀wò rẹ̀. Ó mọ́.

Ẹtì, 14
Ago mẹ́wàá, ọkọ̀ yege. Ago mọ́kànlá kọjá díẹ̀, ìwé dé ilé-ìwòsàn. Àwọn aláìsàn ṣì jẹ́ tiwa.

Mo kó gbogbo awakọ̀ jọ, mo ní ẹjọ́ mi ni, kì í ṣe ti Jẹ́jẹ́, kó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ó dúró títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.
“Ẹ ṣé, Àǹtí. Àwọn tó ń kó ọmọ iléèwé ti gbà mí. Ọjọ́ kejì tẹ́ ẹ ní kí n máa lọ ni mo ti ṣèlérí fún wọn.”
Mo ní kí ló dé tó fi wá bá mi wà á nígbà náà.
“Ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́.”
Ó kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lọ.

Ètò ọjọ́ Ajé: ago méje, aláìsàn mẹ́ta, ọkọ̀ kẹta. Mo wá ẹni tí màá fi sí i títí. Orúkọ ara mi ni mo kọ síbi orúkọ awakọ̀.