Agbọ̀n Obì Tí Mi Ò Tú

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá, 2024
Èmi Ṣàíbù, olówò obì Ìlaròó. Bàbá mi kú kí n tó pààrọ̀ eyín. Lọ́rì dà mí sílẹ̀ l'Áyétòrò, ẹsẹ̀ dá. Iná jó ilé obì mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo dìde. Ilé-ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti kọ́ ìwé tí mo fi ń kọ èyí. Obì ni mo fi rán Roheemat ọmọ mi obìnrin níwèé — ó ń kọ́ wọn ní físíìsì ní pólì báyìí. Kò sóhun tó borí mi rí.

Àfi fóònù àná. Sàláúdéènì ló pè, ó ti Líbíà dé, ó wà n'Ífọ̀nyìntẹ̀dó. Òun àti Jibril ọmọ mi ni wọ́n jọ lọ, ọdún kẹta rèé tí a ò gbúròó Jibril. Mo bèèrè Jibril. Ó ní, "Bàbá, ẹ wá fúnra yín." Mo tún bèèrè. Ó tún un sọ.

Àlàmísì, 10
Mi ò lọ.

Jímọ̀, 11
Roheemat, tí mo ń pè ní Tísà, wá kí wa. Mo ní kó sọ nǹkan tó ń kọ́ wọn, kí ọkàn mi lè kúrò níbi tó wà. Ó ní ohun kan wà tó kéré ju eruku lọ, kúáńtọ̀mù. Kí a tó wò ó, kò sí níhìn-ín, kò sí lọ́hùn-ún. Wíwò la fi ń sọ ọ́ di ọ̀kan. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń bára wọn jiyàn lórí ìtumọ̀ rẹ̀.

Iyàn kí ni? Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n. Agbọ̀n obì tí a fewé dì — bí o bá ń tú u wò lójoojúmọ́, wíwò yẹn ló ń bà á jẹ́.

Bí mi ò bá wò, Jibril ò kú.

Ọjọ́ Ajé, 14
Hùmúàní ìyàwó mi ní, "Bàbá Jibril, ẹni tó borí iná méjì, fóònù lẹ wá ń sá fún."

Àtàláátà, 15
Mi ò jẹun. Ó wà láàyè. Kò — mi ò wò.

Jímọ̀, 18
Mo jẹ́wọ́ ìdí tí mi ò fi lọ fún Tísà. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní, "Bàbá, Jibril kì í ṣe eruku. Kòkòrò inú agbọ̀n yín, kẹ́ ẹ tó tú u ló ti wà níbẹ̀, tàbí kó má sí. Ẹ̀yin ni ẹ ò mọ̀."

Mo bínú wọ ilé obì. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ló yẹ kí n tú agbọ̀n, kí n ṣa èyí tó bàjẹ́. Mi ò fọwọ́ kan ọ̀kankan látọjọ́ fóònù. Mo tú ọ̀kan. Kòkòrò ti jẹ ẹ́ dé ìsàlẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ ọ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, èmi ni mo pe ìyá wa. Mi ò sọ ọ́ lórí fóònù. Mo ní, "Màmá, ẹ wá fúnra yín."

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, èmi àti Hùmúàní á lọ sí Ìfọ̀nyìntẹ̀dó. N ó jókòó síwájú Sàláúdéènì, n ó ní kó sọ ọ́ tán.