Bàbá, Wọ́n Fẹ́ Fún Un Ní Yàrá Tirẹ̀

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé sí yín. Ọkàn mi ò balẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Bí mo bá jókòó, màá dìde. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú, màá tún gbé e kúrò. Ta ni mo tún lè sọ ọ́ fún bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ náà kàn?

Kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé fún yín. Ọ̀nà ọ̀dà ti dé Ajah, ọkọ̀ kì í rì sínú iyanrìn mọ́. Àwọn igi àgbọn yín ṣì ń so, àmọ́ àwọn mọ̀lẹ́bí ti ń wo ilẹ̀ ibẹ̀ bí ẹni ń wo ẹran Iléyá, wọ́n fẹ́ tà á. Èmi ṣì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, èmi ni mò ń bójú tó àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé inú ọgbà. Màmá Họ́sítẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè mí, bí ẹni pé mo ti darúgbó.

Ọmọ kan wà láàrin wọn, Sìkírá lorúkọ rẹ̀. Awakọ̀ ni bàbá rẹ̀, ilé ìjọba tó wà ní Ìlàsàn ni wọ́n ń gbé. Ọmọ náà mọ̀wé, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ọdún yìí ló yẹ kó parí, kó di tíṣà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, níbi tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tò sí fún àdúrà, Sìkírá ṣubú lulẹ̀, ó ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Wárápá ni. Bàbá, ọ̀rọ̀ di bó ò lọ, yà fún mi! Akẹ́kọ̀ọ́ sá, tíṣà sá. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní ìmọ̀ ìlera ló kọ́kọ́ dé géètì. Ẹ mọ ohun táwọn èèyàn wa gbà gbọ́, pé bí itọ́ yẹn bá ti kanni, àìsàn náà ti ranni nìyẹn. Èmi náà dúró díẹ̀ kí ẹsẹ̀ mi tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a jẹun mọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń mu gàrí nínú abọ́ kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ ti ife rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn òbí kan wá fárígá lọ́dọ̀ pírínsípà. Pírínsípà wa kì í ṣe èèyàn burúkú, wọn ò lé ọmọ náà. Wọ́n ní kí wọ́n tún yàrá kan ṣe fún un lẹ́yìn ilé ìdáná, kí wọ́n kùn ún, kí wọ́n ra abọ́ àti ṣíbí tuntun fún un, kó máa dá gbé, kó máa dá jẹ. Gbogbo wa tí a wà nípàdé ló pàtẹ́wọ́ àfi èmi. Mo mọ̀ pé àánú ọmọ náà ló ṣe wọ́n.

Mo ti rí yàrá yẹn rí, Bàbá. Ẹ̀yìnkùlé wa ló wà.

Ẹ fẹ́ràn Àǹtí Ràmọ́tà, àbúrò yín. Mi ò ní purọ́ mọ́ yín. Ẹ̀yin lẹ ń fọwọ́ ara yín gbé ẹ̀kọ àti àkàrà lọ fún wọn láràárọ̀, ẹ ó wúkọ́ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Àgbọn tí omi rẹ̀ bá dùn jù, tiwọn ni. Ẹ kọ́ yàrá náà fún wọn kí àwọn ará àdúgbò má baà fi wọ́n ṣẹ̀sín, kí àìsàn wọn má sì ran àwa ọmọ. Abọ́ tiwọn lọ́tọ̀, ife tiwọn lọ́tọ̀, àdògán tiwọn lọ́tọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ tí wárápá gbé wọn ṣubú sórí àdògán yẹn, ẹ wà ní mọ́ṣáláṣí, Màámi wà lọ́jà, àwa ọmọ sì ń ṣeré níwájú ilé. Ẹ̀yin lẹ wá bá òkú wọn níbẹ̀.

Ẹ ò dárúkọ wọn mọ́ títí ẹ fi lọ. Kí lẹ máa ń rò nírọ̀lẹ́, tí ẹ bá ń fa tẹ̀súbà lọ́wọ́ tí ètè yín ò sì mì? Ṣé ẹ máa ń dá ara yín lẹ́bi? Àbí ẹ gbà pé àmúwá Ọlọ́run ni? Kí ló dé tí mi ò bi yín nígbà tí ẹ ṣì lè dá mi lóhùn?

Mo dìde nípàdé náà. Mo ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, Sìkírá ò ní gbé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Pírínsípà ní kí n lọ kọ́ àwọn ọmọ bí mo bá lè kọ́ wọn, ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá tún ṣubú tí ilé ẹ̀kọ́ tún dàrú, yàrá rẹ̀ ló ń lọ.

Mo gba ilé ìwòsàn lọ. Nọ́ọ̀sì fún Sìkírá ní oògùn tí yóò máa lò, ó sì sọ fún mi pé wárápá kì í ràn. Kí a má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí a má dì í mọ́lẹ̀, kí a fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, kí a yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ni mo bá kó àwọn ọmọ jọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo sì na ara mi gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ní kí wọ́n yí mi. Lọlá, tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ Sìkírá, tó tún sá ju gbogbo wọn lọ, ló kọ́kọ́ dán an wò.

“Háà, Ma, ẹ wúwo o! Ẹ dín ráìsì kù jàre.”

Sìkírá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera. “Èmi ò wúwo tó yẹn. Ẹ máa fi Màmá kọ́ṣẹ́.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ara mi ò tìtorí ẹ̀ balẹ̀ o. Gbogbo àárọ̀ tí wọ́n bá tò fún àdúrà, ọrùn ọmọ yẹn ni mo máa ń wò. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ lórin rárá.

Àárọ̀ yìí, ó ṣubú.

Mo sáré, mo fi bàtà sílẹ̀ lọ́nà. Nígbà tí mo máa fi débẹ̀, mi ò ráàyè kọjá. Lọlá ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ti ká súwẹ́tà rẹ̀ sábẹ́ orí Sìkírá, ó ti yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi ọwọ́ lásán nu itọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó kù dúró yí wọn ká, wọ́n kọjú síta kí ẹnikẹ́ni má baà wo ìhòòhò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sá. Lọlá gan-an ló jágbe mọ́ mi.

“Ma, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó rí atẹ́gùn!”

Mo sún sẹ́yìn. Pírínsípà wò wọ́n títí, wọ́n sì sọ fún káfíńtà pé kó má wulẹ̀ kan ilẹ̀kùn yàrá yẹn mọ́. Mo jókòó sínú iyanrìn, mo sunkún. Wọ́n rò pé nítorí Sìkírá ni.

Kò le, Bàbá. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Kò le rárá. Àwa ọmọ tí à ń ṣeré níwájú ilé lọ́jọ́ náà, à bá ti lè ṣe é.

Èmi ọmọ yín tí inú ń bí sí yín lónìí, tí kò sì ní yé fẹ́ràn yín láé.